Ìlà èèwọ̀ tàbí ìlà onísùúrù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìràwọ̀ sí Yorùbá tí ẹ ṣe, ìkùukùu tí ẹ yàn fún gáàsì inú agbo ìràwọ̀ (galaxy), dípò àwọsánmà, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà èèwọ̀ tí ẹ fi túmọ̀ "forbidden line", ìyẹn àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo tí átọ́mù ń tàn, ṣùgbọ́n tó ń pẹ́ jáde, n kò lè gbà á, pàápàá fún àwa tí a wà ní Ilé-Ifẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ní "èèwọ̀ Ifẹ̀", ohun tí ẹnikẹ́ni kì í dán wò ni. Ìlà yìí ń tàn lálaalẹ́.

Ẹ wo èyí tó lókìkí jù, ti ọ́síjìn tó ti pàdánù ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù 2, àwọ̀ ewé, tí ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 500.7. Agbára ara átọ́mù náà dà bí ẹrù lórí alárù. Kó tó fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ kó di ìmọ́lẹ̀, á tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ti háídírójìn ní 656.3 kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ta ló lè fi ẹrù dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 40 láàárín èrò Lágéré, kí ẹnikẹ́ni má gbún un? Ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù tó ń rìn kiri nínú gáàsì á kọlù ú, á gba agbára náà, á fi sáré lọ. Ìmọ́lẹ̀ kò ní jáde mọ́. Àyè ló ń fẹ́. Mo dábàá ìlà onísùúrù.

Iṣẹ́ ọwọ́ wa gan-an lọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó ń ṣe àwòṣe ìkùukùu inú agbo ìràwọ̀ bíi NGC 4151, tí àárín rẹ̀ ń tàn kíkankíkan, á kọ́kọ́ sọ fún kọ̀ǹpútà irú ìmọ́lẹ̀ tó ń ti àárín wá, iye fótóònù (ẹyọ ìmọ́lẹ̀) alágbára tó kan háídírójìn kọ̀ọ̀kan, bí gáàsì ṣe ki tó, àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà Cloudy, tí awòràwọ̀ Gary Ferland bẹ̀rẹ̀ ní 1978, á pín ìkùukùu náà ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà, á sì máa ṣírò ooru tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde títí wọn á fi dọ́gba.

Kíki gáàsì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìṣe. Nítòsí àárín, níbi tí gáàsì ti ń sáré ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tí ìlà sì ń fẹ̀, iye ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù lé ní bílíọ̀nù 1 nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan. Bó bá ti lé ní nǹkan bí 700,000, ìlà 500.7 ti ń kú lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi kíki bílíọ̀nù ṣe gbogbo ìlà á rí i pé 500.7 pòórá, á rò pé ọ́síjìn ló kéré, á wá máa bu ọ́síjìn kún un. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sí onísùúrù á kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ibẹ̀ ò ti há jù.

Orúkọ tí kò bá ìṣe mu ti ṣini lọ́nà rí lórí ìlà yìí kan náà. Awòràwọ̀ William Huggins rí i ní 1864. Wọ́n pe ohun tó ń tan án ní nebulium, bí ẹni pé nǹkan tuntun ni, títí onímọ̀ físíìsì Ira Bowen fi fi hàn ní 1927 pé ọ́síjìn ni.

Ẹ tún wo ti kábọ́ọ̀nù ní 190.9, tó ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá. Ó yá ju ti ọ́síjìn lọ, ó sì ń yọ níbi tí gáàsì ti ki. Kí la fẹ́ pè é, ẹ̀gbọ́n: ààbọ̀ èèwọ̀ ("semi-forbidden")? Èmi á pè é ní onísùúrù díẹ̀.