Èsì: «ìkà-aago-lẹ́ẹ̀kan» kò lè dúró fún multi_clock_gettime

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlò Linux gbé «ìkà-aago-lẹ́ẹ̀kan» wá fún multi_clock_gettime, ìyẹn ìpè (ohun tí ètò fi ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) tí wọ́n dábàá ní òpin ọdún 2023, kí ètò lè fi ìpè ẹyọ kan gba àkókò lọ́wọ́ aago púpọ̀. Àwọn kan ti kí wọn kú oríire. Èmi ò lè bá wọn kí i, ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìkà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní bí a bá ti ní ìkàwé, a lè ní ìkà-aago. Rárá o. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ lórí «kà» nínú ìkàwé, ti ìwé ni. Fáwẹ̀lì ìwé lọ, ó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Aago kò ní ohùn ìsàlẹ̀ kankan tó lè fi sílẹ̀. A ń ka owó, a ń ka ẹja. «Kà» kì í dúró lórí ohùn ìsàlẹ̀ níwájú àbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìlànà ìkàwé, «ìkaago» ló máa bá pàdé. Ìkà tí ẹ kọ yẹn, tí ẹ tún fi àmì ìdè tì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkà tó ń ṣe ọmọ aráyé níbi ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí i tí nǹkan mìíràn máa wá sí i lọ́kàn.

Ká tiẹ̀ gba ìkaago, ta ní ń ka aago? Ẹni tó ń tà á ló ń kà á, kó lè mọ iye tó kù nínú ìsọ̀. Aago tó wà lára ògiri, wíwò là ń wò ó. Màmá wa àgbà kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n bí àkókò ìròyìn orí rédíò bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á ní, «Bá mi wojú aago yẹn.» Mi ò gbọ́ «kà» lẹ́nu wọn rí.

Síbẹ̀, «lẹ́ẹ̀kan» ló bí mi nínú jù, torí irọ́ ni. clock_gettime, ìpè tó ti wà tẹ́lẹ̀, aago kan ṣoṣo ló ń wò. Bí ètò bá fẹ́ mọ bí CLOCK_REALTIME, aago ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ṣe jìnnà sí aago inú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, /dev/ptp0, àfi kó pè lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín ìpè méjèèjì, kernel lè dá a dúró kó gbé iṣẹ́ fún ètò mìíràn. Kó tó padà dé, iye tó kọ́kọ́ gbà ti di àná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ kó méjèèjì sínú ìpè kan: kí àlàfo lè kéré. Kí ó kéré ni mo wí o, mi ò ní kó má sí. Kernel ṣì ń wo ọ̀kan ṣáájú èkejì. Ohun tí PTP_SYS_OFFSET_EXTENDED, ọ̀nà mìíràn tó ti wà tẹ́lẹ̀ fún wíwo aago káàdì, ti ń ṣe ni pé ó máa wo aago ẹ̀rọ, á wo ti káàdì, á tún wo ti ẹ̀rọ. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ nanosecond (ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá) 100, tí ti ìkẹyìn jẹ́ 140, a ó mú 120 tó wà láàárín, àṣìṣe wa kò sì ní ju 20 lọ. Níbo ni «lẹ́ẹ̀kan» wà nínú ìyẹn?

Èyí tó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lóòótọ́ wà: PTP_SYS_OFFSET_PRECISE, níbi tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń di àkókò méjèèjì mú lójú ẹsẹ̀ kan náà. Kì í ṣe gbogbo káàdì ló lè ṣe é. Bí a bá ti fi «lẹ́ẹ̀kan» ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, kí la máa fún un?

Àwọn tó dá ìpè yìí gan-an ò dúró lórí «multi». Ní ọdún 2024, orúkọ tí wọ́n gbé wá ni clock_compare. Ìfiwéra ni wọ́n ń wá. TAI, àkókò aago átọ́míìkì tí CLOCK_TAI dúró fún, ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 37 ṣáájú UTC, àkókò tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Iye tó wà láàárín aago méjì bẹ́ẹ̀ lẹni tó ń pe ìpè yìí fẹ́ mọ̀. Àbá tèmi ni «ìfaagowéra»: fi aago wéra, kí ì gùn ún, bíi ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Kò ní àmì ìdè, kò sì sí ìkà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bi mí pé níbo ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gírámà, Yorùbá kíkọ́ni ni mo fi ń jẹun. Ẹ fèsì sí ọ̀rọ̀ ohùn tí mo sọ.

Bàbá tí wọ́n ní agogo la gbọ́dọ̀ máa kọ, kì í ṣe aago, mo gbà pé agogo ló bí aago. Ṣùgbọ́n agogo, lílù là ń lù ú, aago là ń wò. Mi ò ní kúrò níbẹ̀, sà.

Ní ti èkùrọ́ tí àwọn kan fẹ́ fún kernel, mi ò tíì fọwọ́ sí i. Bí kernel bá di èkùrọ́, shell, ètò tí a fi ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, á di èèpo rẹ̀. Ṣé ohun tí a fẹ́ máa kọ sínú ìwé ìlò nìyẹn?