Níbo ni "obìnrin" yóò jókòó sí? Èsì mi lórí "akọ́nimọ̀ọ́gbá"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ tó ti ń lọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n wa kan ń kọ ìtàn Katie Schumacher-Cawley ní Yorùbá, obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní yunifásítì Penn State, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi wá pé kí ni kí àwọn pe eré náà, kí ni kí àwọn pe ipò obìnrin náà, kí sì ni kí àwọn pe gbogbo ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn kan dáhùn pé "akọ́nimọ̀ọ́gbá" kò bá a mu, nítorí ẹsẹ̀ la fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹlòmíràn ní kí a pè é ní "ìyá ẹgbẹ́". Ẹnìkan ní kí a kàn kọ "kóòṣì", kí ọ̀rọ̀ parí. Mo ti ro gbogbo rẹ̀ dáadáa, n kò sì lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ ìṣe "gbá" ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ta ló sọ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ni ín? A ń gbá èèyàn létí, ọwọ́ ni. A ń gbá ọmọ lábàrá, ọwọ́ náà ni. Nítorí pé "gbá" kò dárúkọ ẹsẹ̀ ni àwọn tó ṣẹ̀dá "àfẹsẹ̀gbá" fi ní láti ti ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nínú "gbá" ni kí nǹkan tó tẹ́ bà nǹkan mìíràn lójijì, kí ó sì fi í sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ìdìmú níbẹ̀. Òfin fọ́líbọ́ọ̀lù gan-an sì nìyẹn: ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù mú, fèrè ti dún.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa, okùn la ta sáàárín igi máńgòrò méjì, torí a kò ní àwọ̀n. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní eré máa ń ní ká kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ká na apá gbọọrọ, ká jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bà sí ibi tó tẹ́jú lókè ọrùn ọwọ́. Ẹ̀rù bọ́ọ̀lù máa ń bà mí, mo sì máa ń fẹ́ hán an. Wọ́n á pariwo láti òdìkejì okùn pé, "Má dì í mú! Gbá a! Gbá a!" Apá mi máa ń pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Tíṣà yẹn kì í ṣe onímọ̀ èdè, wọn kò sì ronú lẹ́ẹ̀mejì kí "gbá a" tó jáde lẹ́nu wọn. Ohun tó bá ń ti ẹnu àwọn tó wà lórí pápá jáde fúnra rẹ̀, èmi kì í bá a jiyàn.

Nítorí náà, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni fọ́líbọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni pé àwọn ìwé ìròyìn kan ń lo orúkọ yìí fún eré kejì, ìyẹn handball, èyí tí wọ́n ti ń fọwọ́ hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń jù ú sínú ilé. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù, nítorí jíjù ni wọ́n ń jù ú.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ló ń jà lórí orúkọ eré yìí. Nígbà tí William G. Morgan dá a sílẹ̀ ní 1895 ní ìlú Holyoke, Massachusetts, Mintonette ló pè é. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e lọ hàn ní Springfield, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred Halstead sì wòye bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fò lọ fò bọ̀ lórí àwọ̀n láìbalẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ohun tí bọ́ọ̀lù ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn volley ball (volley ni kí a gbá bọ́ọ̀lù kó tó balẹ̀), Morgan sì gbà. Ojú ni wọ́n fi wá orúkọ náà rí, ojú náà ni ká fi wá tiwa.

Ó kan "akọ́nimọ̀ọ́gbá". Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní fi pamọ́. Ẹ tú u wò: a-kọ́-ni-mọ̀-ọ́n-gbá. "Mọ̀ọ́" inú rẹ̀ ni "mọ̀ọ́" inú mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ gbé pápá ìṣeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìkàwé, ó sì ń sọ fún wa pé kò sẹ́ni tí wọ́n bí mọ́ gbígbá, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. "Kóòṣì" kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo gbà pé "kóòṣì" ní àyè tirẹ̀: òun ni ọmọ ẹgbẹ́ fi ń pe ọ̀gá rẹ̀. Bí eré bá le, kò sẹ́ni tó máa na ọwọ́ sókè pé "Akọ́nimọ̀ọ́gbá!" Kóòṣì wà fún ìpè, akọ́nimọ̀ọ́gbá wà fún ìwé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe tíṣà ní tíṣà tí a sì ń kọ olùkọ́ sílẹ̀.

Àbúrò wa kan sọ pé iṣẹ́ náà tóbi ju kíkọ́ni ní gbígbá lọ. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá wà nípò yìí ní yunifásítì Amẹ́ríkà ń rin ìrìn-àjò káàkiri láti wo àwọn ọmọbìnrin tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ń jókòó ní pálọ̀ àwọn òbí wọn, òun ló ń pinnu ẹni tí yóò gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa wo èsì ìdánwò wọn bó ṣe ń wo sááfù wọn, ìyẹn gbígbá tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ṣùgbọ́n awakọ̀ náà ń pààrọ̀ táyà, ó ń gba owó ọkọ̀, ó ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lójú títì, awakọ̀ náà la ṣì ń pè é. Orúkọ iṣẹ́ kì í kó gbogbo iṣẹ́ tán.

Lórí ohun tí a óò fi ṣáájú orúkọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ kan, "àgbà" tàbí "olórí", olórí ni mo fara mọ́. Àgbà máa ń fa ọjọ́ orí wọlé, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó wà lábẹ́ ọ̀gá ló dàgbà jù ú lọ. Àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ má pè wọ́n ní igbákejì. Igbákejì sábà máa ń jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, òun sì ni yóò gun àlééfà bí olórí kò bá sí nílé. Àwọn wọ̀nyí ju ẹyọ kan lọ. Olùrànlọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni kí a kọ.

Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ẹni yìí ní college coach, ṣùgbọ́n "kọ́lẹ́ẹ̀jì" kò lè ṣiṣẹ́ rárá. Bí òǹkàwé ní Ọ̀ṣogbo bá rí "akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́lẹ́ẹ̀jì", tíṣà girama bíi tèmi yẹn ló máa wá sí i lọ́kàn. Kò ní lè fojú inú rí i pé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, èèyàn 92,003 ló wọ pápá Memorial Stadium ní ìlú Lincoln láti wo àwọn ọmọbìnrin yunifásítì Nebraska tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù yìí. Yunifásítì ni kí a kọ, kó yé tọmọdé tàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ká mi lára jù.

Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Akọ́nimọ̀ọ́gbá obìnrin gba ife." Ta ló gba ife? Ṣé obìnrin tó ń kọ́ni ni, àbí ẹni tó ń kọ́ àwọn obìnrin? Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan oní-nǹkan, tí orúkọ oní-nǹkan náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì, ohùn wa máa ń ràn wá lọ́wọ́: a óò fa ìparí "ilé" díẹ̀ kí a tó kan "Dàda", etí á sì mọ̀ pé Dàda ló nilé. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ "obìnrin". Kò sí ibi tí a ó ti fa ohùn. Etí kò lè yà á, ojú náà kò lè yà á.

Tó bá jẹ́ eré mìíràn ni, a lè ní kí òǹkàwé wá a lọ fúnra rẹ̀. Níhìn-ín, ìtàn náà wà nínú ìyàtọ̀ yẹn. Ọkùnrin ni Russ Rose. Òun ni olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ obìnrin Penn State láti 1979 títí di 2021. Ó borí nínú ìdíje 1,330, ó gba ife àjọ NCAA (àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà) lẹ́ẹ̀meje, ní 1999, 2007, 2008, 2009, 2010, 2013 àti 2014. Láàárín 2007 sí 2010, ẹgbẹ́ rẹ̀ borí ní ẹ̀ẹ̀mọkàndínláàádọ́fà léraléra, ìyẹn 109, kí yunifásítì Stanford tó dá wọn dúró. Bí a bá pe Rose ní "akọ́nimọ̀ọ́gbá obìnrin", ìdajì àwọn òǹkàwé wa á rò pé obìnrin ni.

Láti 1981 tí NCAA ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje àwọn obìnrin ní ìpele àkọ́kọ́ (Division I, èyí tó ga jù) títí di 2023, ọkùnrin ni gbogbo ẹni tó kó ẹgbẹ́ gba ife náà. Mary Wise ti yunifásítì Florida kó ẹgbẹ́ rẹ̀ dé àṣekágbá ní 2003, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún padà débẹ̀ ní 2017, ife kò sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìdí tí ọkùnrin fi pọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kó wọ inú ìtàn tí ẹ̀gbọ́n wa ń kọ. Kí òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Title IX tó dé ní 1972, èyí tó ní kí ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ má ṣe fi ọkùnrin ṣe ju obìnrin lọ, ó lé ní 90 nínú 100 ẹgbẹ́ obìnrin ní yunifásítì tó jẹ́ obìnrin ló ń kọ́ wọn. Òfin dé, owó wọ iṣẹ́ náà, àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé owó, iye àwọn obìnrin sì wálẹ̀ kọjá ìdajì.

Ẹ wá wò ó báyìí. Schumacher-Cawley gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Rose, ó wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ife 1999. Ó di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì Illinois tó wà ní Chicago, ó ṣe é ní yunifásítì Pennsylvania ní Philadelphia (ẹ jọ̀ọ́, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn nìyẹn, kì í ṣe Penn State), ó sì padà sílé wá ran Rose lọ́wọ́. Ní 2022 ó gba àga ọ̀gá rẹ̀. Ní sáà 2024, ó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn, síbẹ̀ kò fi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nebraska ti mú abala méjì àkọ́kọ́ nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, Penn State wá gba mẹ́ta tó kù. (Abala ni mo ń pe sẹ́ẹ̀tì. Ó ti wà lẹ́nu wa láti inú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, kò sídìí láti wá òmíràn.) Ní àṣekágbá, wọ́n na yunifásítì Louisville ní 25-23, 32-34, 25-20, 25-17, nínú ìlú Louisville gan-an. Obìnrin ló wà lórí ìjókòó kejì náà, Dani Busboom Kelly, tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ yòówù kó borí lọ́jọ́ yẹn, obìnrin ni yóò kọ́kọ́ gbà á.

Bí a kò bá wá àyè gidi fún "obìnrin", gbogbo èyí á sọnù lójú ìwé. Àbá mi ni pé kí "ẹgbẹ́" máa là wọ́n láàárín. "Akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ obìnrin" ni ipò náà, ẹni yòówù kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni náà gan-an la fẹ́ sọ pé obìnrin ni, kí "obìnrin" ṣáájú: "obìnrin akọ́nimọ̀ọ́gbá", bí a ṣe ń sọ "obìnrin oníṣòwò".

Lórí "ìyá ẹgbẹ́", mo bẹ ẹni tó dá a lábàá, kí wọ́n má bínú sí mi. Oyè gidi ni Ìyá Ẹgbẹ́ láàárín wa, nínú ọjà àti nínú ìjọ, àgbà obìnrin tí ẹgbẹ́ ń fojú sí lára ni. Ṣùgbọ́n ọdún 43 ni Rose fi wà nípò yẹn, kò sẹ́ni tó ronú láti pè é ní bàbá ẹgbẹ́. Kí ló dé tí iṣẹ́ kan náà fi jẹ́ ìmọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin, tó wá di ìtọ́jú ọmọ lọ́wọ́ obìnrin? Ohun tó ń kọ́ wọn ni ká fi pè é.

Ó ku ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní career. "Iṣẹ́ òòjọ́" kéré fún un, oúnjẹ òòjọ́ ló ń sọ. "Ìgbésí ayé" ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ìrìn-àjò lẹ́nu iṣẹ́" dùn létí, ó sì bá Schumacher-Cawley mu, àmọ́ Rose kò rin ìrìn-àjò kankan, ojú kan ló wà. Èmi dá "ipa iṣẹ́" lábàá. Mo mọ̀ pé "ipa" ń ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú "ó kó ipa", ìyẹn kò dẹ́rù bà mí. Ipa ni ohun tí ẹsẹ̀ fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn lè tọ̀, bí ẹni náà rìn jìnnà, bó sì ń yí ojú kan ká. Ọmọ ẹgbẹ́ 1999 tọ ipa ọ̀gá rẹ̀ títí ó fi jókòó sórí àga rẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n wa bá gbà, gbólóhùn àkọ́kọ́ ìtàn wọn lè lọ báyìí: "Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2024, Katie Schumacher-Cawley, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ obìnrin bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ní yunifásítì Penn State, di obìnrin àkọ́kọ́ tó kó ẹgbẹ́ gba ife NCAA ní ìpele àkọ́kọ́ (Division I) nínú eré náà."

Ìbéèrè kan ni n kò tíì rí ojútùú sí. Kí la óò pe ẹni tó máa ń fi ìka gbé bọ́ọ̀lù sókè kí ẹlòmíràn lè gbá a mọ́lẹ̀? "Sẹ́tà" là ń pè é lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀yin ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin, orúkọ wo ni àwọn ọmọ yín ń pè é?