Ìwé alàwòrán tó ń pani lẹ́rìn-ín nípa láíbìrì

Ìyá Tèmi: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ò wọ láíbìrì rí, ariwo ẹnu ẹ̀ sì pọ̀ jù. Ìwé wo ni mo lè kà fún un ká tó lọ?

Kúnlé_Ìbàdàn: Library Lion ti Michelle Knudsen, 2006 ló jáde. Kìnnìún gidi ló wọ láíbìrì o, ló bá sùn síbi tí wọ́n ti ń ka ìtàn fọ́mọdé, ìtàn parí ló bú ramúramù, màdáámù tó ń darí láíbìrì ní tó bá tún pariwo kó máa lọ 😂 ìrù ẹ̀ ló wá fi ń nu eruku ara ìwé, ó ń fahọ́n lá ẹnu ẹ́ńfílóòpù!

Àńtí Bísí: Ẹ kọ́kọ́ dá kà á o, ibi tí màdáámù ti já bọ́ tí apá ẹ̀ kán, èmi gan-an fẹ́ sunkún.

Ìyá Tèmi: Ṣé wọ́n lé kìnnìún náà ni?

Kúnlé_Ìbàdàn: Ẹ lọ rà á jàre.