Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìwádìí wà nílẹ̀, àmọ́ ṣé ó bá tiwa mu?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọmọdé àti ìdílé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa fẹ́ ká máa rán nọ́ọ̀sì lọ sílé àwọn aboyún tí wọn ò tíì bímọ rí, títí ọmọ á fi pé ọdún 2. Ìwádìí lórí irú àbẹ̀wò yìí, tí olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ David Olds bẹ̀rẹ̀ nílùú Elmira, ní Amẹ́ríkà, láwọn ọdún 1970 ni wọ́n dì mú. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò jiyàn.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán ètò yìí wò ní England, àwọn aboyún tó ń mu sìgá ò dín kù, ìwọ̀n àwọn ọmọ tuntun náà ò sì yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì ti ń bẹ gbogbo ìyá ọlọ́mọ wò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn. Mo sọ ọ́ nípàdé, ẹnì kan ní mo fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ó dùn mí, kí n má purọ́.

Mo ṣí ìwé tá a máa ń kọ àbẹ̀wò wa sí lánàá. “A kò bá wọn nílé” ló kún ojú ewé mẹ́ta léra wọn. Kò sẹ́ni tó kọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí ló yẹ ká kọ́kọ́ kà ká tó bẹ̀rẹ̀? Báwo la ṣe lè bi àwọn ìyá léèrè tí kò ní dà bíi pé ọlọ́pàá ló wá? Tí àyè ò bá sì tó gbogbo wọn, ṣé ká ṣẹ́ kèké?