Delosperma jẹrà lẹ́yìn ìgbà òtútù: kí ni ká ṣe?

Èèhù: Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o. Delosperma cooperi, ewéko kan tó máa ń tàn bo ilẹ̀, tó sì ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, ló wà lórí ilẹ̀ kan tó dagẹ̀rẹ́. Oòrùn ń pa ibẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́, àmọ́ amọ̀ ló pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Ó tàn dáadáa nígbà ooru. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, àárín rẹ̀ ti dúdú, ó sì ti rọ̀. Ṣé òtútù ló pa á ni? Báwo ni mo ṣe lè tún un gbìn?

Ọkọ́: Òtútù kọ́, omi ni. Ewéko yìí lè fara da òtútù tó tó -20°C bí gbòǹgbò rẹ̀ bá wà níbi gbígbẹ. Gúúsù Áfíríkà ló ti wá, níbi tí òjò ti ń rọ̀ nígbà ooru tí ìgbà òtútù sì máa ń gbẹ. Pé ilẹ̀ dagẹ̀rẹ́ nìkan kò tó: omi òkè lè ṣàn lọ kí ti inú amọ̀ sì dúró.

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ da omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún da òmíràn. Bí èkejì yìí kò bá lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 ní wákàtí kan, ẹ má wulẹ̀ gbin nǹkan kan síbẹ̀ bó ṣe wà yẹn. Ẹ kọ ebè fífẹ̀ lé e lórí, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ìdajì erùpẹ̀, ìdajì òkúta wẹ́wẹ́ tó tó mìlímítà 3 sí 6. Ẹ pò wọ́n pọ̀ dáadáa. Ẹ má fi yanrìn kíkúnná rọ́pò òkúta o; òun àti amọ̀ á gan bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹ má sì to òkúta sí ìsàlẹ̀ nìkan, torí omi á dúró sókè rẹ̀ ni.

Ajílẹ̀: Ẹ má tíì hú gbogbo rẹ̀ dànù. Ọ̀mùnú etí rẹ̀ tó ṣì le lẹ máa gé, sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10, èyí tí kò ní òdòdó. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi í sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ, kí ẹ tó kì í bọlẹ̀. Á ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ìgbà ìrúwé ló dára jù. Ẹ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35 sí àárín wọn, kí ẹ sì tu gbogbo èpò tẹ̀ẹ́lẹ̀, torí kò sí bí ọkọ́ ṣe máa wọ àárín rẹ̀ tó bá ti tàn. Ajílẹ̀ púpọ̀ kò yẹ ẹ́ (ẹ má fi orúkọ mi ṣe o): á ga, á rọ̀, òtútù á sì tètè mú un.

Èèhù: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n fi èèpo igi bo ilẹ̀ rẹ̀?

Ọkọ́: Rárá, ó ń mú omi dúró. Òkúta wẹ́wẹ́, sẹ̀ǹtímítà 2, títí dé abẹ́ ewé. Ẹ dín omi kù bí ìgbà ìwọ́wé bá ti wọlé.

Ajílẹ̀: Bí kíkọ ebè bá ni yín lára, Sedum spurium, ewéko mìíràn tó ń tàn bo ilẹ̀, fara da amọ̀ ju Delosperma lọ. Ẹ ṣọ́ra fún Sedum acre tó jẹ́ ẹbí rẹ̀: ègé kékeré tó bá já lára rẹ̀ lè hù níbi tó bá bọ́ sí.