Mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá: gìtá Casino àlòkù kan tí mo rí ní Ṣágámù

Olókùnmẹ́fà:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Mo rí gìtá Epiphone Casino kan ní Ṣágámù. Àlòkù ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ilé iṣẹ́ náà tún ṣe jáde ní àwòṣe ti ìgbà láéláé. Ẹni tí ó ń tà á sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé e lọ́la, ẹgbẹ́ wa sì ti gba òde láti ṣeré fún régbérégbé kan ní ọjọ́ Ojúde Ọba. Ṣé kí n rà á? Ta ni ó sì lè bá mi tò ó, kí ọrùn àti okùn rẹ̀ jókòó bí ó ti yẹ, kí Iléyá tó dé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn lálẹ́ òní.

Àgbà Rẹ́mọ:
Ẹ kò sọ iye tí wọ́n pè é, ẹ kò sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, ẹ kò sì fi àwòrán ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ hàn wá. Ẹ ní kí á bá yín wo ìyàwó, ẹ sì fi gèlè bò ó lójú. Kò burú. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé Casino kì í ṣe ES-335, gìtá kan tí ilé iṣẹ́ Gibson ń ṣe. Nígbà tí Gibson gbé ES-335 jáde ní ọdún 1958, wọ́n fi ìtì igi gbọọrọ kan sí àárín inú rẹ̀, ṣùgbọ́n Casino, tí ó jáde ní 1961, ṣófo pátápátá bí ES-330, gìtá Gibson mìíràn tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi fúyẹ́ lọ́rùn, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń tú jáde gbàgà. Ìdí kan náà ni ó fi máa ń hu bí ẹ bá gbé e dojú kọ amp (ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá jáde) tí ẹ ṣí sókè, torí pé ariwo amp á mi ojú igi, ojú igi á mi okùn, okùn á sì tún dá ariwo náà padà sínú amp. Àgbá òfìfo ní í pariwo. John Lennon, Paul McCartney àti George Harrison, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin Beatles, ni wọ́n lò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lò ó ní Ojúde Ọba.

Kí ẹ tó ná owó, ẹ fi iná fóònù wo inú ihò méjèèjì tí ó wà lójú igi. Ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ sínú rẹ̀ yóò sọ bóyá Kòríà, Japan tàbí Ṣáínà ni ó ti wá. Ẹ fi ìka kan ojú igi náà jẹ́jẹ́, bí ohun kan bá sì ń gbọ̀n nínú, igi ìtìlẹ́yìn kan ti já nìyẹn.

Akọrin Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ má rà á. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ní láti òkè òkun ni ó ti dé. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán gbinrin. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣàkíyèsí ni pé nígbà tí mo fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun tí okùn ń gbà kọjá sí orí, ìlà kan wà lábẹ́ ọ̀dà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Ní ìṣọ́ òru kan, nígbà tí a wà lẹ́nu orin ìdúpẹ́, mo gbọ́ «kà!» Orí gìtá náà ya, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kò jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀, ó sì rọ̀ mọ́ mi láyà bí adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúḿbú. Ẹni tí ó tà á fún mi ti pa fóònù rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ìyá Ìbejì Òdógbólú:
Yéè! Nítorí irú èyí ni mo ṣe ra gìtá tí kò lo iná rárá, olókùn ọ̀rá, fún ọmọ mi. Kò dun ọmọ náà ní ìka, kò sì bìkítà bóyá NEPA mú iná lọ.

Gẹdú Ìjẹ̀bú-Igbó:
Akọrin, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyà ẹnì kan dẹ́rù ba gbogbo ìlú. Igi ni iṣẹ́ tèmi. Orí gìtá irú èyí tẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì tún gbẹ́ ihò síbẹ̀ fún irin tí ń mú ọrùn dúró, nítorí náà ibẹ̀ ni igi ti tín-ín-rín jù lọ. Bí ó bá ya gbọọrọ, tí ẹni tí ó mọṣẹ́ fi àtè gidi lẹ̀ ẹ́, tí ó sì fún un mọ́ra di ọjọ́ kejì, kì í sábà ya lójú kan náà mọ́. Ẹni tí ó tún tiyín ṣe ni kò mọṣẹ́.

Akọrin Ìkẹ́nnẹ́:
Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó wá dá owó mi padà? Ẹni tí ó bá fi ọ̀dà bo ojú ọgbẹ́ mọ ohun tí òun ń fi pamọ́.

Gẹdú Ìjẹ̀bú-Igbó:
Àtè ni mò ń sọ, n kò sọ̀rọ̀ ọ̀dà. Bí wọ́n bá tún un ṣe, kí wọ́n sọ ọ́, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹni yìí bi wá nípa títò, ẹ sì ti jẹ́ kí orí gìtá Akọrin gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ẹ gbọ́. Ẹ fi okùn tuntun sí i, oní-10 tàbí oní-11 (iye yìí ni bí okùn kìíní ṣe nípọn tó), ṣùgbọ́n ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí bí ẹ bá tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bírììjì, irin tí okùn jókòó lé lójú igi, lè jábọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti to ohùn rẹ̀, ẹ tẹ okùn kẹfà, èyí tí ó nípọn jù, mọ́ fret kìíní (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn) àti fret tí ó wà níbi tí ọrùn ti wọ inú igi, kí ẹ wá wo àlàfo tí ó wà lókè fret keje: kí ó tó ìdá mẹ́rin mìlímítà kan. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí irin inú ọrùn ní ìdá mẹ́rin ìyípo sí apá ọ̀tún, kí ẹ sì ní sùúrù kí ẹ tó tún yí i. Kò sí ohun tí ń ba ọrùn gìtá jẹ́ bí ìkánjú. Ẹ̀yìn èyí ni gíga okùn, nǹkan bí mìlímítà 2 lókè fret kejìlá fún okùn kẹfà àti 1.5 fún okùn kìíní. Paríparí rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fret kejìlá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ gan-an, kí ẹ sì fi ohùn méjèèjì wé ara wọn. Bí ti títẹ̀ bá ga jù, ẹ fi ìṣó bírììjì sún ibi tí okùn náà jókòó lé sẹ́yìn.

Ohun tí ó tún kù ni pé pickup P-90 rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí ń gba ohùn okùn ránṣẹ́ sí amp, máa ń kùn, pàápàá bí ẹ bá gbé e sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí iná gbọọrọ. Ẹ má dúró síwájú amp, ẹ dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, kí ẹ sì fi fóòmù dí ihò méjèèjì. Kì í ṣe ìtìjú: Gibson fúnra wọn ṣe Lucille, gìtá B.B. King olórin blues, láìní ihò lójú igi.

Àgbà Rẹ́mọ:
Àfikún kan. Ọrùn Casino wọ inú igi níbi fret 16. Bí ẹ̀yin bá ń ta gìtá jùjú tí ó máa ń gòkè lọ fíofío, ọwọ́ yín yóò há. Nínú ES-335, ó di fret 19.

Akọrin Ìkẹ́nnẹ́:
Mo ti sọ tèmi. Ẹ má rà á.

Olókùnmẹ́fà:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo ti rà á láàárọ̀ yìí. Mo gbàgbé láti fi iná wo inú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi bi mí bóyá nǹkan kan sọnù síbẹ̀. N kò rí ìlà kankan. Ó ní kí n ta á wò kí n tó sanwó. Láìfi wáyà sí amp rárá, okùn kẹta nìkan kún yàrá náà, èmi kò sì tún ronú mọ́. N kò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni láti tò, èmi fúnra mi ni n ó jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé, ihò rẹ̀ náà kò ní gba fóòmù, nítorí ó ń bà á ní ẹwà jẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ohùn rẹ̀ kan ń ha kàràkàrà bí mo bá yí i. Ta ni ó ń ta okùn oní-11 ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí n kò fi ní dé Alábà?