Ṣé lóòótọ́ làwọn Tupi ti tán ní Bùràsíìlì?

Àjíkẹ́_Ẹlẹ́kọ
Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí jọ̀ọ́. Mo wo fídíò kan, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní àwọn Tupi ló ni etíkun Bùràsíìlì káwọn Pọtogí tó dé ní 1500 ṣùgbọ́n wọ́n ti pa run pátápátá. Obìnrin kan wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé Tupinambá lòun, ìpínlẹ̀ Bahia lòun ti wá, làwọn èèyàn bá ń bú u pé irọ́ ló ń pa. Èwo ni ká gbà báyìí? Ṣé lóòótọ́ dẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ èèyàn?

Ọmọ_Akọ̀wé
Tupi kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo o. Tupinambá, Tupiniquim, Potiguara, Caeté, Tamoio, wọ́n pọ̀, èdè wọn sún mọ́ra àmọ́ wọ́n ń bára wọn jagun, ibẹ̀ gan-an lòyìnbó gbà wọlé. Àwọn Tamoio gbè sẹ́yìn Faransé, Araribóia tó jẹ́ olórí àwọn Temiminó àtàwọn èèyàn ẹ̀ gbè sẹ́yìn Pọtogí, òun náà ni wọ́n ní ó tẹ Niterói, ìlú tó wà lẹ́bàá Rio, dó. Ilẹ̀ẹ́gbóná (mi ò ní pe orúkọ ẹ̀ gan-an) tó jà ní Bahia ní 1562 sí 1563 wá kó èèyàn lọ rẹpẹtẹ. Ní ti jíjẹ èèyàn, òótọ́ ni, àwọn tí wọ́n bá mú lójú ogun ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀san ni, kì í ṣe ebi.

Ìyá_Bahia
Ta ló ní wọ́n ti tán? Salvador ní Bahia ni mò ń gbé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Olivença ni obìnrin yẹn ti wá, lẹ́bàá Ilhéus, ibi táwọn àlùfáà Jesuit kó wọn jọ sí ní 1680, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní. Pombal, olórí àwọn mínísítà ọba Pọtogí, ló fòfin de èdè wọn ní 1758, wọ́n fún wọn lórúkọ Pọtogí, nígbà tó yá wọ́n ń pè wọ́n ní caboclo, ìyẹn ẹni tẹ́jẹ̀ ẹ̀ ti dà pọ̀, bí wọ́n ṣe pòórá nínú ìwé ìjọba nìyẹn. Kòkó wá dé, ilẹ̀ di owó, àwọn olóko ńlá gbà á, Marcelino, ọmọ Tupinambá kan tó bá àwọn olóko náà jà ní 1930s, ọlọ́pàá lé e wọgbó. 2002 nìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé Tupinambá ni wọ́n. Tèmi ni pé ẹni tó bá ń pariwo pé wọ́n ti tán, ilẹ̀ wọn ló ń wò. Ẹ̀wù wọn tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ pupa ṣe, tó wà ní Denmark láti 1600s, wọ́n gbé e wá ṣe àfihàn ní São Paulo ní 2000, ìyá àgbà kan láti Olivença, Dona Nivalda, rí i, ó ní tiwa nìyí. 2024 ló tó padà, músíọ́mù Rio ni wọ́n dẹ̀ gbé e lọ, kò dé Olivença.

Bàbá_Kéhìndé
Mi ò bá yín jà o ìyá, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá gbọ́ èdè baba wọn mọ́, tẹ́jẹ̀ dúdú àti funfun ti dà pọ̀ mọ́ tiwọn, kí ló kù?

Ìyá_Bahia
Bàbá, ẹ bi àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbí, bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ò gbọ́ Yorùbá kọjá orin òrìṣà, ẹ dẹ̀ ń pè wọ́n lọ́mọ yín. Àwọn gan-an, ọ̀pọ̀ ilé Candomblé, ìyẹn ilé ẹ̀sìn òrìṣà níbí, ló ń bọ ẹ̀mí àwọn onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní caboclo, torí wọ́n ní àwọn ló nilẹ̀ kí ará Áfíríkà tó dé. Èdè Tupi náà ò kú tán, Nheengatu tó jáde látinú ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn ní Amazon, São Gabriel da Cachoeira tiẹ̀ ti fi ṣe ọ̀kan nínú èdè ìjọba ìlú wọn láti 2002.

Àjíkẹ́_Ẹlẹ́kọ
Ẹ ṣé mà. Àwọn Potiguara tí Ọmọ_Akọ̀wé dárúkọ ńkọ́?

Ọmọ_Akọ̀wé
Wọ́n wà ní Paraíba, ní Baía da Traição, ilẹ̀ tí Pọtogí bá wọn náà ni.